Fífi Fọ́tò Kún Inú Lẹ́tà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Yìí

Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe báàṣì (aṣọ ńlá tí wọ́n máa ń tẹ àwòrán sí) ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú ní Kétu níbí, wọ́n á ní kí orúkọ náà tóbi, kí fọ́tò sì kún inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Lẹ́tà tó sanra ni kẹ́ ẹ lò. Nínú àwọn fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, Arial Black dáa, àmọ́ Noto Sans Black ni mo fara mọ́ jù, torí ó ní ẹ, ọ àti ṣ, ó sì ní ɛ àti ɔ tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò bá ní wọn á lọ yá ti fọ́ǹtì míì, ẹ ó wá rí i tí Ẹ inú ṢÁBẸ̀Ẹ́ tín-ín-rín láàárín àwọn tó kù.

Fún ìwé A3, ẹ ṣí ojú iṣẹ́ tó jẹ́ píksẹ́lì (àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 4961 sí 3508, ní 300 dpi, ìyẹn iye àmì nínú íǹṣì kan. 100 dpi ti tó fún báàṣì ńlá, òkèèrè ni wọ́n á ti máa wò ó. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀; ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document.

Nínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ gbé fọ́tò sórí calque (ìpele tí a ń tò lé ara wọn) tó wà lókè ọ̀rọ̀ gan-an, kẹ́ ẹ wá tẹ Ctrl+Alt+G, ìyẹn «Créer un masque d'écrêtage». Fọ́tò á wọ inú lẹ́tà, ẹ ṣì lè tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Tó bá jẹ́ fọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ fẹ́, calque tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí. Tẹ́ ẹ bá kó fọ́tò mẹ́rin lé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó wà lókè pátápátá ló máa bo àwọn yòókù.

Ní GIMP, ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ gbé fọ́tò sí ààyè rẹ̀, kó sì tóbi ju lẹ́tà lọ. Ẹ dín opacité rẹ̀ (bó ṣe ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀) kù sí 50 kẹ́ ẹ lè máa rí lẹ́tà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, «Alpha vers sélection» lórí ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sórí fọ́tò, «Ajouter un masque de calque» (masque ló ń bo apá tí kò yẹ kó hàn), ẹ yan «Sélection». Ẹ dá opacité padà sí 100, kẹ́ ẹ sì pa ojú calque ọ̀rọ̀ dé. Tẹ́ ẹ bá sún fọ́tò lẹ́yìn èyí, masque náà á tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wo KÉTU. Igi K gùn, ó gba ẹni tó dúró. Èmi fẹ́ràn kí n fi ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú T: ojú ère á bọ́ sínú igi ìsàlẹ̀, àwọn ẹyẹ tàbí ejò tí wọ́n gbẹ́ sórí rẹ̀ á tẹ́ sínú ọ̀pá òkè. Àárín U ṣófo, nítorí náà fọ́tò tí ojú èèyàn wà láàárín rẹ̀ kò bá a mu. Ògiri Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, tàbí àdìrẹ ló yẹ ẹ́. É ló ń fúnni níṣẹ́ jù. Àmì orí rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí ojú ọ̀run inú fọ́tò, á funfun, á sì pòórá lórí báàṣì funfun, orúkọ ìlú á wá di KETU. Ohun kan náà ló ń ṣe àmì ìdí Ẹ àti Ṣ. Nínú Photoshop, ẹ ṣí calque òfìfo lókè fọ́tò, ẹ tẹ Ctrl+Alt+G, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kun dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ìdá 30 nínú 100, síbi àmì náà nìkan. Tí kò bá tíì yọ, ẹ fi «Contour», ìyẹn ìlà àyíká lẹ́tà, píksẹ́lì 8 sí calque lẹ́tà, kó wà níta.

Kẹ́ ẹ tó fi PDF ránṣẹ́ sáwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán pẹ̀lú «Convertir en forme», torí ẹ̀rọ tiwọn lè má ní fọ́ǹtì yín. Ẹ tọ́jú PSD, fáìlì Photoshop tẹ́ ẹ ṣì lè tún ṣe, sọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì tẹ ẹyọ kan sórí A4 ná, kẹ́ ẹ gbé e sí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá gbogbo àmì ṣì hàn.