Kẹ́ ẹ tó dẹ pàkúté fún ológbò igbó, ẹ wo ilẹ̀kùn ilé adìẹ yín ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìẹ tàbí ewúrẹ́ nítòsí igbó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ adìẹ sísìn, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá adìẹ 11 nílẹ̀, gbogbo wọn ti kú, ohun tó pa wọ́n ò sì jẹ ìkankan nínú wọn. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ẹni tí mo kọ́kọ́ naka sí ni ológbò igbó kan tó máa ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá lálẹ́, ó jọ ti ilé lóòótọ́ àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, òrùka dúdú sì wà nírù ẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni, mo dẹ pàkúté, mo tún po májèlé mọ́ ẹran mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì. Ológbò yẹn ò jẹ ẹ́ o, ajá bàbá kan ládùúgbò ló jẹ ẹ́. Ó ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, bó ṣe ń wò mí yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Mo lọ bẹ bàbá náà, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tiẹ̀ fojú rí ológbò yẹn níbi tó ti ń pa adìẹ ẹ?" Mi ò rí i.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n lọ yá kámẹ́rà, irú èyí tó máa ń ya fọ́tò fúnra ẹ̀ tí nǹkan bá ti kọjá níwájú ẹ̀, mo so ó mọ́ igi. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹjọ́ ti yí padà. Ajá méjì tí ò ní olówó ló ń gba ihò abẹ́ fẹ́ńsì wọlé! Ológbò náà ń wá, àmọ́ ibi tí oúnjẹ adìẹ máa ń dànù sí ló ń lọ, níbi tí èkúté ti kún fọ́fọ́. Fọ́tò kan wà tó jókòó síwájú ihò èkúté, etí ẹ̀ méjèèjì dojú kọ iwájú, ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn ẹ̀ ibẹ̀ náà ló ṣì wà, nínú fọ́tò kẹta ló tó gbé èkúté sẹ́nu. Wọ́n ní bí ológbò ò bá sí nílé, ilé á dilé èkúté, èmi sì fẹ́ fọwọ́ ara mi pa èyí tó ń bá mi mú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ máa wo ilẹ̀ dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ ológbò máa ń rí roboto, ìka mẹ́rin, ẹ ò sì ní sábà rí àmì èékánná torí ó máa ń fà á wọnú tó bá ń rìn, ti ajá gùn díẹ̀, èékánná ẹ̀ á hàn. Ológbò sábà máa ń mú ẹyọ kan ni, á gé e lọ́rùn á gbé e lọ, tó bá jẹ́ òkú rẹpẹtẹ lẹ bá nílẹ̀, ajá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ológbò yẹn gbé adìẹ mi méjì, àmọ́ àwọn tó sùn sórí igi níta ni.

Ilé adìẹ ni mo wá tún ṣe. Waya líle tí ojú ẹ̀ kéré ni mo lò, mo bò ó lórí pátápátá torí ológbò mọ fífò ó sì mọ nǹkan gùn, mo wá tẹ́ waya sílẹ̀ síta tó ẹsẹ̀ bàtà kan yí i ká, mo da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kí ẹranko tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ wọlé lè kan waya. Mo ń ti ilẹ̀kùn kílẹ̀ tó ṣú, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀. Oúnjẹ adìẹ ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí. Mo ti jáwọ́ nínú májèlé eku náà, torí eku tó bá jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀, ẹran tó bá jẹ eku yẹn á jẹ májèlé mọ́ ọn. Púmà kan, ìyẹn ológbò igbó ńlá kan, wà ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà nígbà kan tí wọ́n ń pè ní P-22, lọ́dún 2014 wọ́n bá májèlé eku lára ẹ̀, awọ ara ẹ̀ ń bó, irun ẹ̀ ń re.

Tó bá jẹ́ ẹkùn tàbí kìnnìún lẹ̀ ń bá gbé, ó le ju tèmi lọ, mo mọ̀, àmọ́ àwọn èèyàn ti wá ọgbọ́n sí i. Ní Kenya, Richard Turere ṣì kéré nígbà tó ṣàkíyèsí pé kìnnìún kì í sún mọ́ màlúù bàbá òun tí òun bá ń gbé tọ́ọ̀ṣì rìn káàkiri, ló bá so gílóòbù mọ́ bátìrì mọ́tò, wọ́n ń tàn wọ́n ń kú fúnra wọn lóru bíi pé èèyàn ń rìn kiri. Ní Namibia, láti 1994 ni Cheetah Conservation Fund, ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, ti ń fún àwọn àgbẹ̀ ní ajá ńlá tó ń ṣọ́ ewúrẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Botswana, wọ́n fi ọ̀dà ya àwòrán ojú sí ìdí màlúù, fún ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi wò ó, kìnnìún àtẹkùn ò pa ìkankan nínú àwọn tí wọ́n ya ojú sí, torí ẹran tó ń ba de nǹkan, tó bá ti rò pé wọ́n ti rí òun, á yẹra.

Ológbò ilé yín ńkọ́? Ní Scotland, ológbò ilé àti tigbó ti gun ara wọn débi pé ojúlówó tigbó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, lọ́dún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú èyí tí wọ́n sìn sílẹ̀ padà sínú igbó. Mo ti gbé tèmi lọ bá dókítà ẹran, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dà, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára kó má lọ kó àrùn ran tigbó.

Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ ológbò nínú koríko, ẹ má gbé e. Mo gbé ọ̀kan rí, mo rò pé kò níyàá, ó ń fín, ó ń fi èékánná ha mí lọ́wọ́. Bàbá tó ni ajá yẹn náà ló ní kí n dá a padà síbi tí mo ti rí i kílẹ̀ tó ṣú, pé ìyá ẹ̀ lọ wá oúnjẹ ni. Mo dá a padà, mo gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìdájí ni ìyá ẹ̀ wá, ó gbé e ní awọ ọrùn, ó gba ẹ̀yìn ilé adìẹ kọjá lọ.