Baba Méje Tí Apa Béèrè Lọ́wọ́ Mi

Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé ilé tí mo háyà yàrá sí ní Astana, olú ìlú Kasakstán, ìyá onílé gbé tíì tí wọ́n bu wàrà sí ka iwájú mi, ó jókòó, ó sì béèrè orúkọ baba mi. Mo dá a lóhùn. Ó béèrè orúkọ baba baba mi, mo tún dá a lóhùn. Nígbà tí ìbéèrè fi máa kan ẹnì kẹrin, n kò ní èsì mọ́. Àwọn Kasak gbà pé ọmọ tó mọ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ka orúkọ baba méje ní ìlà baba rẹ̀. Jeti ata ni wọ́n ń pè é, ìyẹn baba méje, ìdí pàtàkì kan tí wọ́n sì fi ń ṣọ́ ọ ni pé ọkùnrin àti obìnrin tí ìlà baba wọn bá pàdé láàárín ìran méje náà kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Apa, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa nínú ilé ṣe ń pè é nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà, kò dá mi lẹ́bi. Ohun tó sọ kò ju pé, “Balam,” ìyẹn ọmọ mi, “pe baba rẹ.”

Ìkìrun ni bàbá mi wà. Nígbà tí mo pè é lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí béèrè bí òtútù ṣe ń ṣe mí. Ó ka orúkọ mẹ́fà fún mi, ti ẹnì keje kò sì wá sí i lọ́kàn. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sínú oríkì orílẹ̀ wa, àwa ọmọ Ọ̀pómúléró, ó sì ń kì mí lọ títí dátà mi fi tán. N kò tètè sùn lóru náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí orúkọ bá parí sí ni oríkì ti ń gbà á: yóò sọ ìlú tí a ti ṣí wá, iṣẹ́ tí àwọn baba wa ń ṣe, àti ohun tí wọn kì í jẹ. Lọ́dọ̀ àwọn Kasak, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún da ẹran kiri lórí pápá koríko tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀, orúkọ baba ni ilé tí èèyàn lè gbé rìn.

Ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ni mo wá kọ́ níbí, àárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa nípa DNA àtijọ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara, èyí tí wọ́n ń yọ láti inú egungun àwọn tó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé egungun kò lè sọ ju bí ẹni náà ṣe ga tó, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Nínú yàrá àyẹ̀wò ni mo ti rí i pé ó ní oríkì tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, á sì bo ẹnu àti imú, nítorí pé itọ́ tó bá ta sílẹ̀ lẹ́nu alààyè kan lè ní DNA ju èyí tó ṣẹ́ kù nínú egungun ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́rin lọ. Egungun kékeré tó fi inú etí pamọ́ sínú agbárí, tó le bí òkúta, ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́, nítorí pé ó máa ń tọ́jú DNA ju ìyókù ara lọ. Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ti já sí wẹ́wẹ́, àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń ka DNA, tó wà ní etí wẹ́wẹ́ náà, sì ti yí padà, tí C máa ń hàn bí ẹni pé T ni. Àbùkù yẹn gan-an ni ẹ̀rí: òun ni wọ́n fi ń dá ti òkú àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó fọwọ́ kàn án lánàá. Òtútù máa ń dáàbò bo DNA, ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń bà á jẹ́. Òtútù Astana, tó máa ń fi ìwọ̀n 30 lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, tí mo sì ń sá fún láti ìyẹ̀wù dé ibi ìdúró bọ́ọ̀sì, wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn òkú ilẹ̀ wọ̀nyí lè sọ̀rọ̀ títí di òní.

Apá kan DNA wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ baba nìkan ni ọmọkùnrin ti ń gbà á, láti baba dé ọmọ dé ọmọ-ọmọ, bí ẹni pé ó ń ka jeti ata. Apá mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá. Ìyókù, ìdajì láti ọ̀dọ̀ baba, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òkú méjì tó dùbúlẹ̀ sí ibojì kan náà jẹ́ baba àti ọmọ, tàbí ọmọ ìyá kan, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa ni òkìtì sàréè kan tí wọ́n ń pè ní Nepluyevsky, ní gúúsù òkè Ural ní Rọ́ṣíà, níbi tí Yúróòpù àti Éṣíà ti pààlà. Wọ́n ti sin àwọn tó wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 3,800 sẹ́yìn, darandaran sì ni wọ́n. Ní ọdún 2023 ni àbájáde àyẹ̀wò DNA èèyàn 32 láti inú rẹ̀ jáde, ohun tó sì hàn ni agbo ilé kan. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́fà, ọkùnrin ni gbogbo wọn, pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wọn àti àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ̀gbọ́n pátápátá fẹ́ ìyàwó méjì, ó bí ọmọ mẹ́jọ, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà sì ti ọ̀nà jíjìn wá láti pápá koríko Éṣíà ní ìlà oòrùn. Ní ti àwọn àbúrò, kò sí àmì pé wọ́n fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ọmọ wọn kò sì tó ti ẹ̀gbọ́n rárá. N kò nílò àlàyé olùkọ́ kankan kí n tó mọ ẹni tí ọkùnrin yẹn jẹ́. Dáwódù ni. Mo ti jókòó lẹ́sẹ̀ irú wọn ní Ìkìrun.

Kò sí àgbàlagbà obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ bíbí ilé náà nínú òkìtì yẹn. Àwọn ìyàwó wà níbẹ̀, ibòmíràn sì ni gbogbo wọn ti wá, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò obìnrin àti àwọn ọmọbìnrin tó dàgbà kò sí, nítorí pé wọ́n ti lọ sí ilé ọkọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yìí ni mo máa ń rò jù. Nínú agbo ilé tiwa, ọmọ-osú ṣì ní ohùn nínú ilé baba rẹ̀ lẹ́yìn tó ti lọ sílé ọkọ, wọ́n á sì retí rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Egungun kò lè sọ fún mi bóyá wọ́n máa ń retí àwọn wọ̀nyẹn. Ó sọ pé ọkùnrin wọn kì í sábà kọjá ọdún 36 láyé, obìnrin sì jẹ́ 28. Ó sì sọ ohun kan tó bà mí nínú jẹ́: ìran tó lo ibojì náà kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ọwọ́ àti ọmọ kékeré pátá. Bóyá àìsàn ló bá wọn jà, bóyá àwọn òbí ló ṣí lọ síbòmíràn tí wọ́n sì fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn baba ńlá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ ọkọ̀ gba ìlú Kokshetau kọjá lọ sí Botai, ní àríwá Kasakstán, lẹ́bàá odò Iman-Burluk. Koríko àti atẹ́gùn nìkan lojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀. Ní ọdún 1980 ni awalẹ̀pìtàn Viktor Zaibert àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hú ilé àwọn tó gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 3500 ṣáájú ìbí Kristi, ilé tí wọ́n gbẹ́ wọnú ilẹ̀, àti egungun ẹranko tó pọ̀ yanturu, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ti ẹṣin ni gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí ọ̀rá wàrà ẹṣin lára àpáàdì ìkòkò wọn. Apa, tó máa ń pọn wàrà abo ẹṣin títí yóò fi kan, tí wọ́n ń pè ní qymyz, kò rí ohun ìyanu kankan nínú ìyẹn. Ó ní kí ni wọn ì bá tún fi ẹṣin ṣe.

Mo gbà gẹ́gẹ́ bí òun náà ti gbà nígbà náà, pé Botai ni orírun gbogbo ẹṣin tí à ń gùn láyé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọdún 2018, DNA fi hàn pé àwọn ẹṣin Botai kọ́ ni baba àwọn ẹṣin òde òní. Ìran tiwọn ló di ẹṣin Przewalski, ẹṣin kúkúrú olórí ńlá tí gbogbo ayé ń pè ní ẹṣin ìgbẹ́. Ní ọdún 2021 ni ó wá hàn pé apá ìsàlẹ̀ odò Volga àti Don ni ẹṣin ilé ti òde òní ti wá, tó sì tàn káàkiri láti nǹkan bí ọdún 2000 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ń jiyàn pé bóyá ńṣe ni àwọn ará Botai kàn ń ṣọdẹ ẹṣin. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹṣin náà ṣe rí ni ti àwọn olówó wọn. Àwọn ará Botai kò bá àwọn Yamnaya tan, ìyẹn àwọn darandaran tó wà ní ìwọ̀ oòrùn pápá náà ní nǹkan bí ọdún 3000 ṣáájú ìbí Kristi. Àwọn Yamnaya ní ẹ̀ka kan ní ilẹ̀ olókè Altai ní ìlà oòrùn, tí wọ́n ń pè ní Afanasievo, tó jìnnà sí wọn ju 3,000 kìlómítà lọ, síbẹ̀ DNA wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Àárín méjèèjì ni Botai wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn ló gba orí pápá wọn.

Ìyípadà náà kò dúró síbẹ̀. Ìwádìí ńlá kan ní ọdún 2018, tó ka DNA èèyàn 137 láti orí pápá náà, fi hàn pé láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan, àwọn tó ti ìwọ̀ oòrùn wá bá àwọn tó ti ìlà oòrùn wá dàpọ̀ léraléra, títí wọ́n fi di àwọn èèyàn tó ń sọ èdè ìdílé Turk tí mò ń bá gbé lónìí. Mo máa ń bínú nígbà tí mo bá rí àwọn tó ń fa irú ìmọ̀ yìí ya láti fi sọ pé ẹ̀yà tàwọn ló kọ́kọ́ ni ilẹ̀, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ tàwọn ló mọ́ jù. Egungun kò mọ èdè tí ẹni náà sọ. Kò mọ ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ tí wọ́n sì kì ní oríkì ilé. Ní òde ọ̀dọ̀ wa, níbi tí ooru ti ń jẹ egungun run, ihò Shum Laka ní Kamẹrúùnù wà lára ibi díẹ̀ tó sún mọ́ wa tí DNA àtijọ́ ti jáde, láti ara ọmọdé mẹ́rin, àwọn kan ní ọdún 8,000 sẹ́yìn, àwọn kan ní 3,000. Àbájáde ọdún 2020 fi hàn pé àwọn ọdẹ inú igbó àárín Áfíríkà ni wọ́n jọ jù lọ, kì í ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé agbègbè náà lónìí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé ẹṣin Przewalski méje padà sí Kasakstán láti ọgbà ẹranko Prague àti Berlin, akọ kan àti abo mẹ́fà. Èmi àti Apa jọ wò ó lórí fóònù mi. Ó wo akọ yẹn títí, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ baba rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n mú láti inú ìgbẹ́ ni gbogbo èyí tó wà láyé ti ṣẹ̀, àti pé láti ọdún 1959 ni wọ́n ti ń kọ ìran wọn sínú ìwé kan ní Prague, baba àti ìyá olúkúlùkù wọn. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé pélébé kan láti abẹ́ tábìlì, níbi tó kọ orúkọ mẹ́fà tí mo ti sọ fún un sí pẹ̀lú lẹ́tà Rọ́ṣíà, ó sì fi bírò lé mi lọ́wọ́, nítorí pé ní àná ni àbúrò bàbá mi obìnrin rántí orúkọ ẹnì keje.