Ọdún Tí Oṣù Keje Gbé Mì

Ẹ kú òpin ọdún o. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì kọ àyẹ̀wò ọdún tèmi. Ohun tó fà á ni pé ìgbà tí mo jókòó láti kọ ọ́, oṣù Keje nìkan ni mo rántí. Mo mọ̀ pé a ṣe oṣù Kìíní. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ lọ dáadáa lóṣù Kẹta. Àbúrò mi obìnrin ṣègbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde, mo sì jó níbẹ̀ débi pé fídíò rẹ̀ ṣì ń dà mí láàmú lórí WhatsApp. Oṣù Keje ti gbé gbogbo ìyẹn mì. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká sinmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ Bàbá. Ẹ mọ ìwé pupa wọn náà, tí wọ́n ń kọ pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí, sí láràárọ̀ kí wọ́n tó mu tíì. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló fẹ̀yìn tì tí kò rí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, ló bá sọ ẹja ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn di kíláàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù náà, ìwé pupa wà lórí bẹ́ǹṣì, bírò wà nílẹ̀, Bàbá náà wà nílẹ̀. Rọpárọsẹ̀. Ó mú apá ọ̀tún, ó sì mú ahọ́n.

Mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bàtà mi kan àti bàtà ìyàwó mi kan ni mo wọ̀ dé ilé ìwòsàn, ẹni tó ń gba káàdì sì wo ẹsẹ̀ mi dáadáa kó tó wo aláìsàn.

Ẹja kọ́ ló kàn nígbà yẹn. A ń pín ara wa sùn ní ilé ìwòsàn, ọmọkùnrin ilé kejì, èyí tó máa ń pe Bàbá ní Gránpà, ló ní kí òun máa bá wa wo ẹ̀yìnkùlé. Olóòótọ́ ọmọ ni. Ìgbàkígbà tó bá dé ìdí tàǹkì tí ẹja àrọ̀ bá la ẹnu sókè, á ní ebi ń pa wọ́n, á sì bu oúnjẹ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ẹja àrọ̀ kì í la ẹnu? Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tiransifọ́mà àdúgbò gbiná.

Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan wa ṣe ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù ń gbé omi láti inú tàǹkì ẹja lọ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tí a gbin ẹ̀fọ́ sí, omi á sẹ́ kọjá, á sì padà sọ́dọ̀ ẹja. Ẹja ń tú amóníà sínú omi, abẹ́ etí wọn níbi tí wọ́n fi ń mí ló sì ti ń jáde jù. Bákítéríà tó lẹ̀ mọ́ òkúta á sọ amóníà yẹn di nitrite, àwọn mìíràn á sọ nitrite di nitrate, nitrate ni ẹ̀fọ́ ń jẹ. Amóníà ń pa ẹja, nitrite ń pa ẹja, nitrate kì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan. Orí àwọn bákítéríà yẹn ni gbogbo ilé dúró lé, àwọn náà sì nílò afẹ́fẹ́ bíi tiwa.

Nígbà tí iná lọ, ìńfátà gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú tàǹkì, ṣùgbọ́n kò lágbára pọ́ǹpù ńlá. Omi dúró lórí òkúta. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, bákítéríà ń kú, ibẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, oúnjẹ tí ọmọ yẹn ń dà sílẹ̀ sì ń jẹrà nísàlẹ̀ tàǹkì. Àdúgbò dá owó jọ, wọ́n tún tiransifọ́mà ṣe. Ni iná bá dé lóru, gbogbo ojúlé hó yèè, pọ́ǹpù wa náà jí fúnra rẹ̀, ó sì kó gbogbo ìdọ̀tí orí òkúta yẹn padà sọ́dọ̀ ẹja. Èmi ò tíì rí ẹni tí iná dé bá tó sunkún, àfi ìyàwó mi.

Àwọn ẹ̀pìyà ló kọ́kọ́ lọ. Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i láàyè nínú abọ́ lọ́jà tí omi rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Ẹ̀pìyà ò ní in. Ṣùgbọ́n nitrite ò bìkítà fún ìyẹn. Ó ń gba abẹ́ etí wọnú ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ibi yòówù kí ẹja ti fà á. Nígbà tí mo ṣí etí èyí tó kú, inú rẹ̀ tó yẹ kó pupa ti di àwọ̀ kọfí.

Ọ̀gànjọ́ ni mo dé láti ilé ìwòsàn. Mo kán omi sínú ìgò àyẹ̀wò. Ti amóníà, tó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí nǹkan bá dára, ti di àwọ̀ ewé. Ti nitrite, tó yẹ kó rí bí ojú ọ̀run, dúró gbọin ní elésè àlùkò bí aṣọ ẹgbẹ́. Ohun tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ fún àwọn onílé kéékèèké bíi tiwa ni pé kí amóníà àti nitrite má kọjá mílígíráàmù 1 nínú lítà omi kan. Tiwa ti kọjá ibi tí káàdì àwọ̀ náà parí sí.

Èmi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Bàbá ni mo máa ń bi. Mo tiẹ̀ mú fóònù kí n pè wọ́n.

Ìyàwó mi ló ṣí ìwé pupa. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹ̀yìn, ó sì bá ojú ìwé kan tí Bàbá fà nílà sábẹ́: "Nitrite bá ga, iyọ̀. Giramu 1 sí lítà 1. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ẹ má da oògùn sí i." Ọwọ́ wọn ń gún régé lójú ìwé yẹn, ọwọ́ olùkọ́ gan-an. Mo kà á títí ìyàwó mi fi ní ẹja kì í kàwé, kí n lọ wá iyọ̀.

Ẹ ò rí i, ohun tó wà nínú iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní chloride ló máa ń bá nitrite du ẹnu ọ̀nà abẹ́ etí ẹja. Bí ó bá pọ̀ níbẹ̀, nitrite ò ní ráyè wọlé tó bẹ́ẹ̀. Tàǹkì wa gba 1,000 lítà, nítorí náà kílò iyọ̀ kan ni. Mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá aláte tó wà ní kọ̀rọ̀. Wọ́n fojú inú wo iye iyọ̀ náà, wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, irú ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ sè lóru yìí?" Mo ní ẹja ni. Irọ́ kọ́.

A fa ìdá kan nínú mẹ́ta omi tàǹkì jáde, a fi omi kànga rọ́pò rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kilorí, èyí tó máa pa bákítéríà tó ṣẹ́kù, àyàfi kéèyàn kọ́kọ́ kó o sínú dúrọ́ọ̀mù kó fẹ́ atẹ́gùn sí i fún ọjọ́ kan ó lé. A gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ tì. Ẹnì kan ní ká da Tetracycline sí i kíákíá. Oògùn tó ń pa bákítéríà, nínú omi tí bákítéríà ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró, tí a tún máa fi ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ jẹ iyán! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún bá wa ṣe é. Láti ìgbà tí Bàbá ti ń so àpò ìkarahun ìgbín mọ́ inú omi, tí wọ́n ń mú un wọlé tí wọ́n ń yọ ọ́ jáde bí ìwé pupa bá ṣe wí, pH wa kì í jìnnà sí 6.8. Bí pH bá gòkè láti 7 dé 8, ìwọ̀n amóníà tó lóró á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye amóníà inú omi ò yí padà. Ká ní omi wa wà ní 8 lóru yẹn ni, ìyàwó mi ì bá má wulẹ̀ ṣí ìwé kankan.

Nínú mẹ́ta, ọ̀kan ló ṣẹ́kù fún wa. Alága kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Alága, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹja tí Bàbá kọ̀ láti tà lọ́dún méjì, tó ti ga ju kí ó wọ ìkòkò kankan nílé lọ. A sin gbogbo wọn sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó wá bá wa kẹ́dùn, ẹni méjì nínú wọn gbé abọ́ dání, mo sì ṣàlàyé pé òkú yìí kì í ṣe èyí tí a ń jẹ sàráà rẹ̀. Ọmọ ilé kejì sunkún títí. Kò ṣẹ̀ o. Inú rere ló ń bù síta, kò sí ẹni tó fún un ní òṣùwọ̀n.

Kí bákítéríà tó tún fìdí múlẹ̀, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kò sì rọrùn láti mú un yára. Àkókò yẹn náà ni wọ́n ń kọ́ Bàbá ní ìrìn. Mi ò ní fi méjèèjì wéra nítorí Bàbá máa nà mí, ọwọ́ òsì wọn sì ti le gan-an báyìí.

Wọ́n padà wálé nínú oṣù Kẹsàn-án. Gbogbo wa ti fẹnu kò pé a ò ní sọ ti Alága. Wọ́n ní ká gbé àga àwọn sẹ́bàá tàǹkì. Wọ́n wo omi, wọ́n fimú gbọ́ ọ, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n wá yíjú sí mi. Mo ní Bàbá, ó rìnrìn àjò ni. Láti ọjọ́ tí nǹkan ti ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ tó já gaara jù lẹ́nu wọn ni èyí tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn: "Irọ́." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀fín igi wọ̀ mí lójú, bẹ́ẹ̀ gáàsì la fi ń dáná.

Mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì òru tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun kó tó bi mí ní owó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ tẹ́ ẹ ní kí n má dárúkọ yín. Ọmọ ilé kejì ti di akọ̀wé báyìí. Bàbá ń pe nọ́ńbà, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pupa, bó bá sì kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n á ní kó tún un kọ. Agolo tòmátò kékeré ni òṣùwọ̀n oúnjẹ, kò gbọdọ̀ kún ẹnu.

Ọyẹ́ ti dé, omi tàǹkì ń lọ sí 23°C kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun, a sì dín agolo náà kù. Mo ń tọ́jú owó sórí sólà tó máa gbé pọ́ǹpù ńlá, bí owó ilé ìwòsàn bá gbà fún mi. Nítorí náà, kò sí ẹja ọdún lọ́dọ̀ wa o. Gbúre wà, efinrin wà, ugwu ń yọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ mú àpò tirẹ̀ wá, kó sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dáhùn. Ẹ má ṣáà bi wọ́n léèrè iye tí ẹja jẹ́.