Bọ́ṣì Oníbúréèkì Lẹ́nu Ìbọn Ìléwọ́ 1911: Ṣé Ihò Ni Àbí Ìwúwo?

Ọjọ́ 3, oṣù Èbìbì

Ìbọn ìléwọ́ tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ mi ní Houston yìí jẹ́ irú èyí tí John Browning ṣe, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà wọlé ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1911, tí gbogbo ayé sì wá ń fi ọdún náà pè é títí dòní. Ọ̀pá rẹ̀ gùn ní íǹṣì 5, ọta .45 ACP ló sì ń jẹ. Àlòkù ni mo rà, ó sì ti ṣe ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi láìfún mi ní wàhálà kankan, èyí tó yẹ kó ti tó láti jẹ́ kí n fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n yọ bọ́ṣì kékeré tó di ẹnu ọ̀pá mú sínú sílàìdì, ìyẹn irin òkè tí ń sún sẹ́yìn tí ó sì ń padà síwájú bí a bá ti yìnbọn, kí n sì fi bọ́ṣì gígùn kan rọ́pò rẹ̀ tí wọ́n lu ihò sí lórí, èyí tí à ń pè ní oníbúréèkì. A ní afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹ̀tù ń tú jáde yóò gba inú àwọn ihò náà lọ sókè, yóò sì ti ẹnu ìbọn sílẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ fò sókè. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé bọ́ṣì tuntun yìí sórí ìwọ̀n, ó wúwo tó gíráàmù 84, bẹ́ẹ̀ gíráàmù 21 péré ni ti àtijọ́. Ibẹ̀ ni iyèméjì ti wọ̀ mí. Bí ìbọn náà bá tilẹ̀ rọlẹ̀ lóòótọ́, ta ni yóò sọ fún mi bóyá ihò orí rẹ̀ ló ṣe é tàbí irin tí a dì mọ́ ọn lẹ́nu?

Ọjọ́ 5, oṣù Èbìbì

Kí n tó tú ohunkóhun, mo yọ magasíìnì kúrò, mo fa sílàìdì sẹ́yìn, mo wo inú ihò ọta, mo sì tún ti ìka bọ̀ ọ́, nítorí ojú lè tan ènìyàn jẹ ṣùgbọ́n ìka kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọta tó wà nínú yàrá ni mo kó lọ sí yàrá kejì. Mo tún wọ awò tí ń dáàbò bo ojú, nítorí ìdérí sípíríǹgì tó wà lábẹ́ bọ́ṣì yìí máa ń fò bí òkúta kànnàkànnà bí àtàǹpàkò bá yọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó fò lọ́wọ́ mi lọ́dún kìíní ṣì ní àpá lára àjà ilé wa.

Mo fi kálípà wọn gbogbo rẹ̀. Ẹnu ọ̀pá jẹ́ íǹṣì 0.580, inú bọ́ṣì tuntun sì jẹ́ 0.579, èyí tó túmọ̀ sí pé kò lè wọlé rárá. Ẹ̀yìn bọ́ṣì náà jẹ́ 0.701, ibi tó yẹ kó jókòó sí nínú sílàìdì sì jẹ́ 0.700. Èmi ò rí ìyẹn bí àbùkù. Ẹni tó ń ṣe bọ́ṣì tó dára máa ń fi irin díẹ̀ sílẹ̀ kí oníṣẹ́ lè fá a bá ìbọn tirẹ̀ mu, nítorí kò sí méjì nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí tó dọ́gba pátápátá.

Ọjọ́ 6 sí 8, oṣù Èbìbì

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni fífá náà gbà. Mo tan àbẹ́là, mo gbé ẹnu ọ̀pá sórí iná rẹ̀ títí tí èéfín fi kùn ún ní dúdú yíká, mo rọra ti bọ́ṣì wọ̀ ọ́, mo sì fà á jáde. Ibi tí dúdú náà bá ti ṣí, tí irin dídán sì yọjú, níbẹ̀ ni bọ́ṣì ti ń ha ọ̀pá, inú bọ́ṣì níbi tó kojú rẹ̀ ni mo sì ń fá. Sáńpépà 400 tí mo ká mọ́ igi róbótó kan ni mo fi ń yí i nínú, mo sì ń fọ̀ ọ́, mo ń wọ̀n ọ́n, mo tún ń kun ọ̀pá. Nígbà tó dé 0.5815 ó wọlé wẹ́rẹ́, kò sì mì. Ènìyàn lè fẹ́ kó há ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá 1911 kì í sún sẹ́yìn ní tààrà gan-an. Ìdí rẹ̀ máa ń rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè já kúrò lára sílàìdì, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ráyè fì díẹ̀ nínú bọ́ṣì. Bí bọ́ṣì bá fún un mọ́ra jù, ọ̀pá á máa tẹ̀ bí ọrun, ìbọn náà á sì máa kọ́.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni etí kékeré tí bọ́ṣì fi ń há mọ́ inú sílàìdì. Ó ku díẹ̀ kó yí wọlé, ó ti rẹ̀ mí, mo wá fi irinṣẹ́ yí i tipátipá, ó yọ̀, ó sì fa ìlà kan tó gùn tó èékánná sára sílàìdì mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìlọrin tí ń ṣiṣẹ́ léètì, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin, níbí. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Àbúrò, irin kì í gbọ́ ìbínú.” Ó fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ fá igun etí náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré, bọ́ṣì yí wọlé bí ìdérí ìgò. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun,” mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi ṣe nǹkan kan sí i: bọ́ṣì kejì tí gígùn àti ìwúwo rẹ̀ yóò bá ti oníbúréèkì yìí mu, ṣùgbọ́n tí kò ní ní ihò kankan lórí. Ó rẹ́rìn-ín pé kí ni n óò fi búréèkì tí kò lè dúró ṣe. Mo ṣàlàyé fún un, ó sì gbà.

Ọjọ́ 14, oṣù Èbìbì

Ẹ̀gbọ́n mú un wá: gíráàmù 84 àti díẹ̀, ihò iwájú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 0.500 bíi ti oníbúréèkì. Ọta .45 fẹ̀ tó 0.451, nítorí náà àyè tó wà yí i ká kò ju nǹkan bí 0.025 lọ, bí bọ́ṣì bá sì wọ́ díẹ̀ péré, ọta yóò ha ẹnu rẹ̀. Mo ti ọ̀pá idẹ gígùn kan gba inú ọ̀pá ìbọn jáde, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì wo iwájú. Àwọn méjèèjì dọ́gba yíká.

Ọjọ́ 17, oṣù Èbìbì: pápá ìyìnbọn

Ọta ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ́kọ́ fi sínú ìbọn, mo yìn ín sí bébà láti yáàdì 3, mo sì wo ihò tó dá sí i. Ó rí róbótó, kò gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo tú ìbọn, mo wo ẹnu ihò bọ́ṣì. Kò sí àpá bàbà níbẹ̀. Ìgbà náà ni ọkàn mi tó balẹ̀ láti kó ọta kún magasíìnì.

Ọ̀nà tí mo gbà dán an wò nìyí. Mo gbé pátákó kan tí mo fa ìlà íǹṣì sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo dúró sí, mo sì fi fóònù ya fídíò tí ń lọ díẹ̀díẹ̀, kí n lè rí bí ẹnu ìbọn ṣe ga tó kó tó padà. Ọta oníwúwo gíréènì 230 (nǹkan bíi gíráàmù 15) ti gbogbo ayé ń lò ni mo lò, ogún fún bọ́ṣì kọ̀ọ̀kan, mo sì ń pààrọ̀ wọn láàárín kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ mi tó ń rẹ̀ ni mo ń wọ̀n. Pẹ̀lú bọ́ṣì àtijọ́, ẹnu ìbọn ń gòkè tó íǹṣì 2¾. Pẹ̀lú oníbúréèkì, ó wálẹ̀ sí 2¼. Inú mi dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí mo fi wọ bọ́ṣì aláìníhò ti ẹ̀gbọ́n sí i, tí òun náà sì fi 2¼ hàn mí, àfi ìgbà méjì tó kọjá bẹ́ẹ̀ ní fín-ín-ín. Aago tí ń wọn àárín ọta méjì sọ ohun kan náà: ìṣẹ́jú-àáyá 0.31 fún ti àtijọ́, 0.27 fún oníbúréèkì, 0.28 fún aláìníhò.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ̀tù inú ọta .45 kan kò ju nǹkan bíi gíréènì 5 tàbí 6 lọ, agbára ìfúnpá tí wọ́n fàyè gbà nínú rẹ̀ kò sì kọjá psi 21,000 (pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan), nígbà tí ọta .38 Super, tí àwọn olùdíje fẹ́ràn láti fi búréèkì sí, lè dé 36,500. Ìbọn gígùn .308 ń sun ẹ̀tù tó ju gíréènì 40 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́ gidi. Lẹ́nu .45, afẹ́fẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lágbára kí ọta tó dé ibi ihò. Irin gíráàmù 63 tí a fi kún sílàìdì ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: sílàìdì tó wúwo ń sún sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹnu tó wúwo kì í sì yára fò sókè.

Nígbà tí mo gbìyànjú ọta gíréènì 185 tí ẹ̀tù rẹ̀ le, oníbúréèkì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì rọlẹ̀ ju aláìníhò lọ. Ihò náà kì í ṣe ẹ̀tàn pátápátá, nítorí náà. Ṣùgbọ́n ariwo àti iná tó ń tú sókè lójú ẹni pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, ojú ìfojúsùn iwájú sì dúdú bí ìdí ìkòkò lẹ́yìn àádọ́ta ọta.

Ọjọ́ 24, oṣù Èbìbì

Ìwúwo náà ní gbèsè tirẹ̀. Lónìí mo lo ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kéré, èyí tí mo fi ń ṣe ìdánrawò, sílàìdì kò sì lè dé ẹ̀yìn tán. Nínú ọgbọ̀n ọta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó pa ẹnu dé kí kòròfo ọta tó jáde, tó bù ú mú lóòró bí ajá ṣe ń bu egungun mú. Sípíríǹgì mi tí ń ti sílàìdì padà síwájú jẹ́ ti pọ́n-ùn 16, èyí tí ìbọn náà bá wá. Mo fi ti pọ́n-ùn 14 rọ́pò rẹ̀, mo sì tún yin ọgbọ̀n mìíràn láìsí ìdíwọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ lo irú bọ́ṣì yìí kó rántí pé sílàìdì ni wọ́n dì í mọ́, kì í ṣe ọ̀pá: afẹ́fẹ́ tó bá gbá a níwájú ń ti sílàìdì síwájú ní àkókò gan-an tó yẹ kó máa lọ sẹ́yìn.

Ní ti ojú àfojúsùn, ó sàn díẹ̀. Láti yáàdì 15, pẹ̀lú ọwọ́ lórí àpò iyanrìn, ọta márùn-ún tí bọ́ṣì àtijọ́ ń tú ká tó íǹṣì 2.4 wá jọ sínú 2.1. Fífá tí mo fá bọ́ṣì bá ọ̀pá mu ni mo fún ní ìyìn yìí, nítorí aláìníhò tí ẹ̀gbọ́n fá bákan náà ṣe 2.1 pẹ̀lú.

Ọjọ́ 7, oṣù Òkúdù

Lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọta, mo fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wo etí bọ́ṣì tó ń há mọ́ sílàìdì. Ibi tó ti ń gbá irin ti ń dán, eteetí rẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ ní ibì kan tó fẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Mo ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, n óò sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá pé ẹgbẹ̀rún. Fún ìdíje, bọ́ṣì àtijọ́ àti sípíríǹgì pọ́n-ùn 16 ni mo dá padà, nítorí ìpele Single Stack ti USPSA, ẹgbẹ́ ìdíje ìyìnbọn ní Amẹ́ríkà, kò gba búréèkì láyè, ìpele Open ló sì máa gbé mi lọ, láàárín àwọn tí ìbọn wọn ju tèmi lọ fíìfíì. Oníbúréèkì wà nínú àpótí. Aláìníhò ti ẹ̀gbọ́n ni mo ń fi ṣe ìdánrawò ní ọjọ́ Sátidé.