Fíìmù wíwò n'Íjẹ̀bú-Òde àti ní Hamburg: ẹ jẹ́ n sọ tèmi

Àwọn ẹbí mi nílé gbà pé ẹni tó bá ti wà lókè òkun, inú sinimá ló ń gbé. Àbúrò mi obìnrin tó ń dirun lójú ọ̀nà Fọlágbadé fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí gbogbo nǹkan ti ń kọ́kọ́ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo fíìmù yẹn kẹ́ ẹ wá sọ bó ṣe parí." Mo rẹ́rìn-ín títí. Fíìmù Yorùbá ló ń wí o, èyí tí wọ́n ń wò l'Ékòó lọ́wọ́lọ́wọ́, tí mi ò rí sinimá kan ládùúgbò mi tó gbé e. Ẹni tó lè wọ mọ́tò lọ s'Ékòó láàárọ̀ kó sì padà wálé lálẹ́, òun ló ń bẹ ẹni tó wà ní Hamburg, ní Jámánì, pé kó bá òun wò ó. Mo ṣàlàyé, kò gbà. Ó ní mo ti ń ṣe bí òyìnbó, pé mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣahun.

Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ọ̀rọ̀ tó ní mò ń fi ṣahun yẹn, èmi ni mi ò rí ẹni bá sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bá a ṣe ń wo fíìmù nílé, mi ò ní fi yín ṣòfò. Iná á lọ, ẹnì kan á ní epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ aládùúgbò á ti tò sójú wíńdò, ẹni tó ti wò ó tẹ́lẹ̀ á jókòó sáàárín, á máa sọ pé "ẹ máa wò ó, ó máa tó kú báyìí", wọ́n á ní kó panu mọ́, kò ní panu mọ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni ìgbà tí iná bá lọ yẹn. Gbogbo wa á gbé àga jáde síta nítorí ooru, ibẹ̀ gan-an ni fíìmù ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi tó ń ta gàrí l'Ókè-Ajé á ní ìyá ọkọ ló wà nídìí ẹ̀, ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń wo ọmọbìnrin yẹn láti òkè délẹ̀ ni. Bàbá onílé á ní irọ́ ni, ọ̀rẹ́ ọkọ ni, òun mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kan rí ní Ṣágámù. Bọ́rọ̀ ṣe máa kúrò lórí fíìmù nìyẹn tó máa di ti ọkùnrin Ṣágámù, wọ́n á ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, wọ́n á dá a lẹ́jọ́ lẹ́yìn, wọ́n á tún padà sórí ìyá ọkọ. Kí iná tó dé, a ti fi oríṣiríṣi ọ̀nà parí fíìmù yẹn, tá a bá wá rí bí ẹni tó ṣe é ṣe parí ẹ̀, àǹtí mi á pòṣé, á ní kò mọ̀ ọ́n ṣe.

A kúkú bá a nílẹ̀ ni. Ṣebí Òsósà tó wà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ti bí Hubert Ogunde, ní 1916. Nígbà tó ṣe eré Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Western Region fòfin de òun àti ẹgbẹ́ òṣèré ẹ̀, kì í sì í ṣe pé eré yẹn yìnbọn fún ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn ń wò ó ni, wọ́n wá ń délé sọ ọ́. Nígbà tó wá bọ́ sí ti fíìmù, tó gbé Ayé jáde ní 1979, tí Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, màmá mi ní àwọn míì ń bá àjẹ́ inú fíìmù jà látorí ìjókòó, wọ́n ń gégùn-ún fún un lójúkojú. Irú ilé tí mo ti wá nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé Hamburg.

Sinimá wọn dáa, mi ò ní bú u. Àga tìmùtìmù, nọ́ńbà wà lára ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè gba tìẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ polówó ọjà títí wàá fi gbàgbé fíìmù tó o wá wò. Gúgúrú wọn ńkọ́? Ṣúgà ni wọ́n ń dà sí i! Kò sí ẹ̀pà, ẹ má bèèrè. Fíìmù Amẹ́ríkà tí wọ́n bá sì gbé, wọ́n á yọ ohùn onífíìmù kúrò, wọ́n á fi ti ará Jámánì sí i, àyàfi tó o bá wá èyí tí wọ́n fi èdè ẹ̀ sílẹ̀ lọ. Robert De Niro tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Christian Brückner ló ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún gbọọrọ, ó sì ti mọ́ wọn létí débi pé tí wọ́n bá gbọ́ ohùn De Niro gangan, wọ́n lè ní ta nìyí.

Èyí ò bí mi nínú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni. Gbogbo èèyàn tó kún ibẹ̀, apànìyàn wà lẹ́yìn ọmọdébìnrin pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa sọ pé "ẹ̀yìn ẹ, wẹ̀yìn ẹ!" Ẹnu mi á máa yún mi. Tó bá parí, oníkálukú á wọ kóòtù ẹ̀, á gbé ike gúgúrú ẹ̀ dà nù, ó di ilé. Bí ẹni wá sanwó iná.

Tó bá di ọjọ́ Ajé níbi iṣẹ́, ọkùnrin tá a jọ ń to ẹrù á bi mí pé kí ni mo ṣe lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní mo wo fíìmù. "Ó dáa?" Mo ní ó dáa. Ó ní ó ga o. Ó ti tán nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo gbìyànjú, mo sọ ìtàn Aníkúlápó fún un, tí Kunle Afolayan ṣe, tó jáde ní 2022, mo sọ ti Ṣàró ahunṣọ tó wá s'Ọ́yọ̀ọ́, mo sọ ti ẹyẹ Àkàlà tó jí i dìde, mo wá bi í pé nínú Ṣàró àti Arólákẹ́, olorì tó fẹ́ràn ẹ̀, ta ló jẹ̀bi? Ó wò mí báyìí, ó ní òun ò tíì wò ó, òun ò lè dá sí i. Ẹ gbọ́ o! Kò tíì wò ó, kò lè dá sí i! Nílé wa, ẹni tí ò wò ó ló máa ń pariwo jù.

Lákòókò kan náà yẹn, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi. Ó ń dirun fún oníbàárà kan, ó sì sọ pé aláìmoore ni Arólákẹ́, pé ohun tó fi ojú Ṣàró rí níkẹyìn ti pọ̀ jù. Oníbàárà ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó fi ààfin sílẹ̀ nítorí ọkùnrin, tí ọkùnrin wá ń kó ìyàwó lé e lórí? Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, ni oníbàárà bá dìde pẹ̀lú orí tí wọ́n dì dé ìdajì, ó ní òun ò dì mọ́, òun ò lè fi orí òun lé ẹni tó ń gbè sẹ́yìn irú ọkùnrin yẹn lọ́wọ́. Ó gbé gèlè wé orí, ó lọ. Ọjọ́ kejì ló padà wá parí ẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, nínú bọ́ọ̀sì, tí mo ń dá rẹ́rìn-ín, tí obìnrin kan sì rọra dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ jókòó síbòmíì.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, àwọn náà ní tiwọn. Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Tatort, láti 1970 ló ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n, alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn míì á kóra jọ sí ilé ọtí láti wò ó. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mú mi lọ. Mo ní háà, mo ti délé wàyí. A jókòó, ọtí dé, fíìmù bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí mo rí ọkùnrin kan tó ń nu ọwọ́ ẹ̀ nù láìsídìí, mo ní "òun ló pa á!" Gbogbo ilé ọtí yíjú wò mí, ó dà bíi pé mo sọ̀rọ̀ nígbà tí pásítọ̀ ń gbàdúrà. Ẹni tó mú mi wá ń wo inú ife ẹ̀. Òun náà ló sì pa á o! Nígbà tí àṣírí tú níparí, kò sẹ́ni tó yíjú wò mí mọ́ pé ọmọ, o gbìyànjú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé kí n dá wò ó nílé, mo ń dá wò ó nílé. Owó oṣù tẹlifíṣọ̀n àti rédíò wà níbí, yúróò 18.36 lóṣù lórí ilé kọ̀ọ̀kan, bó o ní tẹlifíṣọ̀n bó ò ní, wọ́n á kọ lẹ́tà sí ẹ. (Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n sá fún lẹ́tà. Ìwọ wá sá fún lẹ́tà ní Jámánì ká wò ó.) Òun náà ló ní kí n lọ wa fíìmù ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi tiwọn, mo ní níbí lọ́yà onífíìmù lè kọ̀wé sí ẹ pẹ̀lú iye tó o máa san, ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé ta ló rí mi. Netflix ni mò ń sanwó fún, ibẹ̀ ni mo ti wo Jàgún Jàgún ti Femi Adebayo, ibi tó ti dùn dé àyà mi mo pariwo, mo fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti lù, òfin sì ni pé kí ilé pa rọ́rọ́ láti ìgbà yẹn di agogo mẹ́fà ìdájí. Nígbà tí mo jí, mo bá ìwé pélébé lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n fi lẹ́ta tó mọ́ kọ ọ́, wọ́n kí mi, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n kọ aago tí mo pariwo sí i. Kò sí orúkọ. Àwa tá a jọ ń gbé lókè lókè níbẹ̀, tá a ń pàdé lórí àtẹ̀gùn, kò sí ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn kó bèèrè pé kí lẹ̀ ń wò tó dùn tó báyẹn?

Ẹ dákun, nílé, aládùúgbò tó bá gbọ́ irú ariwo yẹn, á ti gbé àga ẹ̀ dé.

Èmi àti àbúrò mi wá dá ọgbọ́n kan, a ní ká jọ máa wò ó, ká pe ara wa lórí fídíò, ká tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀. Nígbà òtútù tibí aago wa ò yàtọ̀, nígbà ooru tibí aago Jámánì fi wákàtí kan ṣáájú tilé, ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé bá a ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, tiẹ̀ máa ń yá díẹ̀ ju tèmi lọ. Á kàn ké "yéè! wọ́n ti pa á!", ẹni yẹn ṣì ń jẹun lójú tèmi. Mo ní kó dúró dè mí, ó dúró, tèmi wá ṣáájú. Kí ọ̀rọ̀ tó dọ́gba, iná lọ lọ́wọ́ wọn. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àga jáde. Mo gbọ́ ohùn bàbá onílé. Dátà ẹ̀ tán, fóònù gé, wọ́n ṣì ń jà nípa ẹ̀ lọ́hùn-ún, èmi jókòó síwájú iná tí kì í lọ.

Ẹnì kan ti fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò padà wálé nígbà náà. Ẹ dúró ná. Owó oṣù tó kéré jù nílé láti 2024, 70,000 náírà ni. Tíkẹ́ẹ̀tì sinimá lè gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, ẹ wá ṣírò ọjọ́ tí ẹni yẹn máa fi ṣiṣẹ́ kó tó jókòó wo fíìmù ẹyọ kan. Ní Jámánì, owó tó kéré jù ní 2025 jẹ́ yúróò 12.82 fún wákàtí kan, wákàtí kan tàbí díẹ̀ lé, mo ti wọlé. Owó yẹn kan náà ló ń rán àwọn tó ń pè mí ní ahun lọ síléèwé, òun ló ra jẹnẹrétọ̀ tí epo ẹ̀ kì í pé. Mi ò sọ pé mo kábàámọ̀ o, mi ò kábàámọ̀. Ká ní mo wà nílé, màá wà lórí àga yẹn níta, màá máa jiyàn gidi gan-an, màá sì máa wo ọwọ́ ẹlòmíì fún owó epo. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi èyí pààrọ̀ tọ̀hún kó kọ́kọ́ bá mi rí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ẹnu mi ò tíì kú, ẹ jẹ́ n sọ ti Lísàbí, fíìmù akọni Ẹ̀gbá tí Lateef Adedimeji ṣe, èyí tó jáde ní 2024. Ó dáa, ìjà ẹ̀ dáa, aṣọ ẹ̀ dáa, bí wọ́n ṣe mú ti owó ìṣákọ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ wọ̀ ọ́ dùn mọ́ mi. Inú bí mi náà ni. Ẹ̀gbá ti ṣe tiwọn, àwọn Ọ̀yọ́ kì í kúrò lójú fíìmù, ti Ìjẹ̀bú dà? Ogun Ìmàgbọn, May 1892, tí Gómìnà Carter, òyìnbó tó ń ṣèjọba Èkó, gbé ìbọn Maxim ti Awùjalẹ̀ Túnwáṣe torí ọ̀nà òwò tí Ìjẹ̀bú ń ṣọ́, kí ló dé tí wọn ò fi yẹn ṣe fíìmù, tó jẹ́ ti ọkọ tó ń yan àlè ni wọ́n ń ṣe ṣáá? Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó ní ta ló máa ṣe Awùjalẹ̀. Mo dárúkọ ẹnì kan. Ó ní láéláé, ẹni yẹn ò lè gun ẹṣin, ó máa já bọ́ lójú àwọn tó ń wo Ojúde Ọba lọ́dọọdún. Mo ní wọ́n á kọ́ ọ. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú sísọ náà nìyẹn? Kí n tó fèsì, oníbàárà kan ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ o, ẹni tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa fíìmù."