Ẹ má tíì pòṣé, bọ́ọ̀lù ò tíì dé ẹsẹ̀ rẹ̀

Mo gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ wa mọ bó ṣe pẹ́ tó tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, torí ẹ̀yin náà lẹ̀ ń bá mi kà á. Inú mi dùn o, àmọ́ inú tó ń bí mi nítorí òṣé tẹ́ ẹ máa ń pa sí mi ò tíì rọ̀ tán, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ayọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀.

Atamátàsé ni mí, agbábọ́ọ̀lù iwájú tí wọ́n ń retí kó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ṣebí wọ́n ń sanwó fún mi. Èmi fúnra mi ni mò ń ra bàtà tí mo fi ń gbá a.

Ọjọ́ tó burú jù nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sáré gba apá òsì, ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ kọjá níwájú ilé. Aṣọ́lé ti ṣubú. Àwọ̀n ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sẹ́ni tó fara kàn mí, bọ́ọ̀lù ń yí bọ̀ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ òṣé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: kì í ṣe lẹ́yìn tí mo gbá a tán. Ẹsẹ̀ mi ò tíì kàn án rárá! Gbogbo ẹ̀gbẹ́ pápá ti pòṣé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bíi pé wọ́n ti wo ìparí rẹ̀ láti àná.

Ẹsẹ̀ òsì ni mo fẹ́ fi gbá a. Òṣé yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ni atamátàsé ti ń ronú. Ara ló máa ń ṣe é fúnra rẹ̀. Mo ní kí n kúkú lo ẹsẹ̀ ọ̀tún kó lè dájú. Kí n tó yíra padà, bọ́ọ̀lù ti bá mi lójúgun, ó rọra yí gba ẹ̀gbẹ́ òpó jáde.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan pariwo pé, “Ẹ bá a gbé àga wá kó jókòó gbá a!” Àbúrò mi wà láàárín wọn, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Láti ìgbà náà títí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi yọ mí kúrò lórí pápá, mi ò pàdánù ààyè kankan mọ́. Ẹ lè rò pé mo ti ń ṣe dáadáa nìyẹn. Rárá o, mi ò débẹ̀ mọ́ ni. Tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, iwájú òpó tó sún mọ́ ló yẹ kí n sá lọ. Ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣọ́ mi ni mo fara pamọ́ sí, mo ń nawọ́ sókè bí ẹni tó ń tọrọ bọ́ọ̀lù, mo sì ń gbàdúrà nínú mi pé kí wọ́n má gbé e wá. Èyí tó bá já mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo dá a padà sẹ́yìn kíá. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn, tọkàntọkàn lọ́tẹ̀ yìí! Ó dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ.

Bí mo ṣe bọ́ níbẹ̀ ò gùn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ò lé mi, mo ń dá gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tí kò ní aṣọ́lé, bàbá kan tó máa ń dúró lẹ́yìn àwọ̀n wa sì ń pariwo “Tún débẹ̀!” nígbàkígbà tí mo bá ta á nù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bọ́ọ̀lù bá mi lórúnkún, ó wọlé. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹni tó ń pàdánù ààyè ṣì ń dé ibi tí ààyè wà. Ọjọ́ tí kò bá pàdánù mọ́, tí kò sì gbá a wọlé, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Òṣé yín ló sì ń lé e kúrò níbẹ̀, pàápàá èyí tó bá ṣáájú bọ́ọ̀lù.

Ẹ rántí Yakubu Aiyegbeni ní Ife Àgbáyé 2010, nígbà tí Super Eagles ń bá Gúúsù Kòríà ṣe. Èyí tó tì síta níwájú òfìfo àwọ̀n, títí dòní wọ́n ń fi fídíò rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Mélòó nínú wa ló rántí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, òun kan náà ló gbá pẹnáritì wọlé, tí ayò fi di 2-2? Lójú gbogbo ayé! Èmi tí ìwọ̀nba èrò ẹ̀gbẹ́ pápá lé sá pamọ́, mo mọ ohun tí ìyẹn gbà.

Ti Odion Ighalo, tóun náà jẹ́ atamátàsé Super Eagles, tún ga. Ó pàdánù ààyè nígbà tá a bá Argentina ṣe ní Ife Àgbáyé 2018, a já kúrò nínú ìdíje, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Íjíbítì lọ́dún 2019, góòlù 5 ló gbá wọlé, kò sẹ́ni tó gbá tó o ní ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà yẹn. Ẹsẹ̀ kan náà ni o.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa yin àṣìṣe. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí àwọn alátìlẹyìn Arsenal ṣe fún Kai Havertz, agbábọ́ọ̀lù wọn, ní 2023 ni mò ń wí: kò tíì gbá góòlù kankan fún wọn ní líìgì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé pẹnáritì fún un ní Bournemouth, ó wọlé, àwọn èrò tó tẹ̀lé wọn lọ ń fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Kí sáà tó parí, góòlù líìgì rẹ̀ ti pé 13. Ẹni tó bá ní pẹnáritì ọ̀fẹ́ ò ṣeé kà, temi tó bá orúnkún wọlé ńkọ́?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú. Ẹ sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kó fi mí jókòó, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ hó lé mi lórí tí wọ́n bá ti fọn fèrè ìparí. Àmọ́ láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń gbé e bọ̀ títí dìgbà tí màá kàn án, ẹ pa ẹnu yín dé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a tún ní ìdíje. Màá pàdánù ààyè níbẹ̀, kẹ́ ẹ tètè mọ̀.