Òtútù lórí ìlà agbedeméjì ayé

Nanyuki ní Kẹ́nyà ni mo wà láàárọ̀ yìí, níbi tí ìlà agbedeméjì ayé gbà kọjá, súwẹ́tà méjì sì wà lọ́rùn mi! Oṣù Keje rèé o. Ìlú yìí fi ohun tó lé ní 1,900 mítà ga ju òkun lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i. Ọyẹ́ ilé wa ò tó èyí rárá.

Awakọ̀ wa ti ní ká tètè jí, pé tílẹ̀ bá mọ́ tán, ìkùukùu á bo Òkè Kẹ́nyà. Òótọ́ ni. Mo rí yìnyín orí rẹ̀ fírí, ó ti pòórá.

Ó ní òjò ńlá wọn máa ń rọ̀ láti Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún, ti kékeré a sì dé ní Oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, kó wá ní Oṣù Kìíní tàbí Oṣù Kejì.